Géèmù Tí Ẹ Fowó Yín Rà, Ṣé Tiyín Ni Lóòótọ́?

Ìbéèrè kan wà tí a fẹ́ kí gbogbo òbí tó ń ka ìwé ìròyìn yìí bi ara wọn, ì báà jẹ́ Àbújá ni wọ́n ń gbé, tàbí Kaduna, Jos, Port Harcourt, Accra àti Abidjan. Géèmù tí ọmọ yín bẹ̀bẹ̀ fún títí tí ẹ fi mú káàdì báńkì yín jáde, ta ló ni ín? Ọ̀pọ̀ èèyàn á dáhùn kíá pé, "Àwa la rà á, àwa la ni ín." Ìdáhùn yẹn bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n nínú ìwé àdéhùn gígùn tí ẹ tẹ "Mo gbà" sí láìkà á, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

A fẹ́ sọ èrò wa lórí ọ̀rọ̀ yìí láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú. Àwa kì í ṣe ọ̀tá géèmù o. Àwa náà máa ń gbá bọ́ọ̀lù lórí páàdì bí iṣẹ́ bá parí, a sì ti rí àwọn ọmọ tó jẹ́ pé géèmù ló kọ́ wọn ní sùúrù àti ìṣirò. Ohun tó ń dùn wá ni bí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó ń ṣe géèmù àti ètò orí kọ̀ǹpútà ṣe ń lo ọ̀rọ̀ kan tí kò rí bí wọ́n ṣe ń pè é. Ọ̀rọ̀ náà ni "rà".

Ohun tí "rà" ń jẹ́ lẹ́nu wa

Iṣẹ́ èdè là ń ṣe, nítorí náà ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ ẹnu. Yorùbá mọ ìyàtọ̀ láàárín kí èèyàn ra nǹkan, kí ó yá nǹkan, àti kí ó háyà nǹkan. Ẹni tó yá ìkòkò aládùúgbò mọ̀ pé òun máa fọ̀ ọ́, òun á sì dá a padà. Ẹni tó háyà àga àti káńópì fún ìsọmọlórúkọ mọ̀ pé ẹni tó ni wọ́n ń bọ̀ wá kó wọn nírọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra ọ̀bẹ lọ́jà, ọ̀bẹ ti di tiẹ̀. Ó lè fi gé ẹran, ó lè fi ta àbúrò rẹ̀ lọ́rẹ, ó sì lè tà á bí owó bá wọ́n. Ẹni tó tà á fún un kò ní wá kanlẹ̀kùn lóru pé òun fẹ́ gba ọ̀bẹ òun padà.

Ẹ wo ọpọ́n ayò. Ihò 12 ló ní, mẹ́fà mẹ́fà níhà kọ̀ọ̀kan, ọmọ ayò 48 la sì fi ń ta á, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ọpọ́n tí bàbá àgbà ra lọ́wọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ṣì lè máa fi ta ayò lónìí. Gbẹ́nàgbẹ́nà ọ̀hún lè ti kú, ó lè ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ayò kò dúró torí ìyẹn. Ọ̀ta á ṣì máa na ọ̀pẹ.

Nígbà tí géèmù kọ́kọ́ wọ ilé wa, ó fara jọ ọpọ́n ayò. Káséètì ni wọ́n ń ki bọ inú ẹ̀rọ láyé Nintendo àti Sega, lẹ́yìn náà ni àwo PlayStation dé. Ọmọ tó bá ti gbá ọ̀kan títí tó fi sú u á gbé e lọ fi ṣe pààrọ̀ lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́. Títí dòní, àwo géèmù tòkunbọ̀ ṣì wà lórí àtẹ ní Computer Village ní Ìkẹjà àti ní ọ̀pọ̀ ọjà káàkiri, ọ̀nà yẹn sì ni ọ̀pọ̀ ìdílé tí kò lówó tuntun fi ń rí géèmù rà fọ́mọ. Ṣùgbọ́n géèmù tí ẹ bá fi dátà fà wálẹ̀ kò ní tòkunbọ̀. Ẹ kò lè tà á, ẹ kò lè yá ọmọ ẹ̀gbọ́n yín, ẹ kò sì lè fi í jogún.

Géèmù tó kú mọ́ ẹni tó rà á lọ́wọ́

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ gidi sọ ọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2014, Ubisoft, ilé-iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Faransé, gbé géèmù ìfọkọ̀-sáré kan jáde tí wọ́n pè ní The Crew. Ẹni tó bá ń gbá a lè wa mọ́tò láti etíkun kan dé èkejì ní Amẹ́ríkà. Ó dùn, àwọn èèyàn sì rà á. Àmọ́ ìkọ̀kọ̀ kan wà nínú rẹ̀: bí ẹ bá tiẹ̀ fẹ́ dá gbá a nínú yàrá yín láìbá ẹnikẹ́ni díje, géèmù náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá kọ̀ǹpútà ńlá tó wà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ sọ̀rọ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, Ubisoft dá títà rẹ̀ dúró. Nígbà tó di ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2024, wọ́n pa kọ̀ǹpútà ọ̀hún. Láti ọjọ́ yẹn, àwo The Crew tó wà nílé àwọn èèyàn kò wúlò ju ohun tí a lè gbé ife tíì lé lọ.

Ti Concord tilẹ̀ tún yá ju ìyẹn lọ. Sony gbé e jáde ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ ọdún 2024, àwọn tó ń gbá a kò pọ̀, wọ́n sì pa á ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án. Ọ̀sẹ̀ méjì péré! Sony dá owó padà fún àwọn tó rà á, a sì yìn wọ́n fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n inú rere ilé-iṣẹ́ ni ẹni tó rà á gbẹ́kẹ̀ lé níbẹ̀. Bí nǹkan bá jẹ́ ti èèyàn, kò yẹ kó jẹ́ inú rere ẹlòmíràn ni yóò máa fi sùn.

Kì í ṣe géèmù nìkan o. Ní ọdún 2009, àwọn kan ní Amẹ́ríkà tó ti sanwó ìwé sórí ẹ̀rọ ìkàwé Kindle ti Amazon jí, wọ́n sì rí i pé ìwé náà ti pòórá. Ẹni tó gbé e sórí àtẹ kò ní ẹ̀tọ́ láti tà á, Amazon bá na ọwọ́ wọ inú ẹ̀rọ oníbàárà láti òkèèrè, ó kó ìwé jáde, ó sì dá owó padà. Ohun tó pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín nínú ìbínú ni pé 1984 ti George Orwell wà lára àwọn ìwé tí wọ́n pa rẹ́, ìwé tó sọ̀rọ̀ nípa ìjọba tó ń jó ìwé àtijọ́ kí aráàlú má baà rántí.

Ọ̀rọ̀ yìí kan oníṣẹ́ ọwọ́ náà. Láyé ìjọ́sí, ayàwòrán tàbí ẹni tó ń tẹ káàdì ìgbéyàwó lè ra Photoshop lẹ́ẹ̀kan, kó máa fi ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá. Ní ọdún 2013, Adobe kéde pé sísan lóṣooṣù ni ọ̀nà tí àwọn ń bá lọ. Ẹni tí kò bá ti san ti oṣù yìí, irinṣẹ́ rẹ̀ ti tì. Ẹ fi èyí sí ẹ̀gbẹ́ owó wa: láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí Nàìjíríà ti jẹ́ kí ọjà máa dá iye náírà lé, ohunkóhun tí wọ́n bá ń fi dọ́là ṣírò ti di ẹrù ìnira. Òṣìṣẹ́ tó ra irinṣẹ́ rẹ̀ pátápátá lè fara da ọdún tí ọjà kò tà. Ẹni tó ń háyà irinṣẹ́ kò lè sinmi.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní aṣọ àgbàbọ̀ kò yẹni. Bí kò fúnni lápá, á fúnni lẹ́sẹ̀. Ó kéré tán, ẹni tó gba aṣọ wọ̀ mọ̀ pé àgbàbọ̀ ni.

Ibi tí òfin dé

Inú wa dùn pé ojú ti ń là. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ The Crew, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń ṣe fídíò lórí YouTube, Ross Scott, bẹ̀rẹ̀ ìpolongo kan ní oṣù Kẹrin ọdún 2024 tó pè ní Stop Killing Games. Kò ní kí ilé-iṣẹ́ máa bójú tó géèmù títí láé. Ohun tó ń béèrè ni pé bí wọ́n bá fẹ́ dáwọ́ dúró, kí wọ́n fi géèmù sílẹ̀ lọ́nà tí ẹni tó rà á á ṣì fi lè máa gbá a. Ní oṣù Keje ọdún 2025, àwọn ará Yúróòpù tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ ìpolongo náà ju mílíọ̀nù 1 lọ.

Ní ìpínlẹ̀ California, Gómìnà Gavin Newsom fọwọ́ sí òfin kan ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2025. Òfin náà kò fàyè gba kí ilé-iṣẹ́ kan kọ "rà" sára géèmù, ìwé tàbí fíìmù tí wọ́n lè gbà padà, àyàfi tí wọ́n bá sọ fún oníbàárà gbangba pé àṣẹ láti lò ó ni wọ́n ń tà fún un. Kí òfin náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá, Steam, ọjà géèmù orí kọ̀ǹpútà tó gbajúmọ̀ jù, ti kọ irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ibi tí wọ́n ti ń sanwó.

Àwọn kan á ní, "Géèmù lásán nìyẹn, kí ló kàn wá?" Èsì wa ni pé àṣà ni géèmù, bí ìwé àti orin ṣe jẹ́ àṣà. Ní ọdún 2023, Video Game History Foundation ní Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí, wọ́n sì rí i pé nínú géèmù 100 tó jáde lọ́dọ̀ wọn ṣáájú ọdún 2010, 87 ni kò sí lórí àtẹ mọ́. Bí ìlú tó lówó bẹ́ẹ̀ bá lè sọ àṣà tirẹ̀ nù báyìí, tiwa ńkọ́?

Àwúùfù tó ń da inú rú

Ìyá kan ní Àbújá tó máa ń ka ìwé ìròyìn wa sọ fún wa pé òun kì í ra géèmù fọ́mọ, ti ọ̀fẹ́ nìkan ni òun ń gbà láàyè. Nígbà tó yá ló rí i nínú ìwé ìṣirò báńkì pé owó ti ń jáde díẹ̀díẹ̀, bí omi tó ń jò láti ìdí ìkòkò. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án rẹ̀ ń fi owó náà ra aṣọ fún ẹni inú géèmù.

Kì í ṣe òun nìkan. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, Epic Games, tó ṣe Fortnite, gbà láti san mílíọ̀nù 520 dọ́là láti parí ẹ̀sùn tí àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Amẹ́ríkà, Federal Trade Commission, fi kàn wọ́n. Mílíọ̀nù 275 nínú rẹ̀ jẹ́ owó ìtanràn lórí àṣírí àwọn ọmọdé, wọ́n sì ya mílíọ̀nù 245 sọ́tọ̀ láti dá padà fún àwọn oníbàárà. Àjọ náà sọ pé títí di ọdún 2018, ọmọdé lè tẹ bọ́tìnì kó ra owó inú géèmù pẹ̀lú káàdì òbí tó ti wà níbẹ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni béèrè lọ́wọ́ òbí.

Èyí tó tún burú nínú wọn ni ohun tí a máa pè ní àpótí àdììtú. Ọmọ á sanwó, kò ní mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ àfìgbà tó bá ṣí i. Bóyá á bá agbábọ́ọ̀lù ńlá, bóyá á bá pàǹtí. Bí ó bá bá pàǹtí, á tún ra òmíràn. Kí ni Yorùbá ń pe irú ẹ̀? Tẹ́tẹ́ ni! Ní ọdún 2018, àjọ tó ń mójú tó tẹ́tẹ́ ní Bẹ́ljíọ̀mù sọ pé irú àpótí bẹ́ẹ̀ ta ko òfin tẹ́tẹ́ wọn. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, EA dẹ́kun títa owó inú géèmù bọ́ọ̀lù FIFA fún àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù. Japan ti dá irú kan nínú rẹ̀ dúró láti ọdún 2012. Òbí tí kò ní gbà láéláé kí ọmọ ọdún 11 wọ ilé tẹ́tẹ́ ní òpópónà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ilé tẹ́tẹ́ wọ yàrá ọmọ náà gba inú fóònù.

Iṣẹ́ wà nídìí ẹ̀

Ká má parọ́ mọ́ àwọn tó ń ṣe géèmù. Iṣẹ́ àṣekára ni. Kọ̀ǹpútà ńlá tó ń gbé géèmù ró ń jẹ iná, ó ń jẹ owó, kò sì sẹ́ni tó lè bójú tó o títí ayé. Bí ilé-iṣẹ́ bá sọ gbangba pé, "Ẹ san iye báyìí, ẹ ó lò ó fún oṣù kan," ẹni tó bá wù á á san án. Kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀. Ẹ̀tàn bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n gba owó rírà lọ́wọ́ ẹni, tí wọ́n sì fún un ní ohun háyà.

Àwọn òṣìṣẹ́ gan-an kì í sábà jẹ nínú èrè yìí. Microsoft fi nǹkan bíi bílíọ̀nù 69 dọ́là ra Activision Blizzard ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023. Nígbà tó fi máa di oṣù Kìíní ọdún 2024, wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ 1,900 ní ẹ̀ka géèmù wọn máa lọ sílé.

Àwọn ọmọ wa náà wà nínú ọjà yìí. Abiola Olaniran, tó kàwé ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, dá Gamsole sílẹ̀ ní ọdún 2012, àwọn èèyàn sì fa géèmù wọn wálẹ̀ sórí fóònù Windows ní ìgbà àìmọye mílíọ̀nù. Ọdún yẹn kan náà ni Hugo Obi dá Maliyo Games sílẹ̀ ní Èkó. Ní Cameroon, Kiro'o Games gbé Aurion jáde ní ọdún 2016, géèmù tí wọ́n gbé ka ìtàn àti àṣà ilẹ̀ Áfíríkà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí fóònù Windows. Microsoft fi í sílẹ̀, wọ́n sì ti ọjà géèmù fóònù Windows 8.1 pa ní oṣù Kejìlá ọdún 2019. Ìṣẹ́ ọwọ́ ẹnikẹ́ni tí kò bá ti gbé géèmù rẹ̀ lọ síbòmíràn wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí a ti tì, kọ́kọ́rọ́ sì wà ní Amẹ́ríkà. Nítorí náà, kì í ṣe olùrà nìkan ni kò ní ilé, ẹni tó ṣe ọjà náà gan-an, ilé àyágbé ló ń gbé.

Èdè wa wà nínú ẹ̀

Èyí ló kan àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ èdè jù. Ẹ ṣí Minecraft tó wà fún kọ̀ǹpútà, èyí tí wọ́n ń pè ní Java, ẹ wo àkójọ èdè. Ẹ ó rí Yorùbá níbẹ̀, ẹ ó sì rí Ìgbò. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ló ń túmọ̀ rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn: igi, òkúta, ọkọ́, àkàsọ̀. Fún ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Kano tàbí Accra, tó jẹ́ pé Hausa tàbí Twi ló ń gbọ́ níta, tó sì jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni ti ilé-ìwé, kó rí "ọkọ́" lójú géèmù tó fẹ́ràn jù kì í ṣe nǹkan kékeré. Ó mọ̀ nígbà náà pé èdè ìyá òun kì í ṣe ti ìbáwí àti àdúrà nìkan.

Iṣẹ́ yìí nira ju bí ó ṣe rí lójú lọ. Lẹ́tà bíi ẹ́ tàbí ọ̀ ní àmì lókè, ó tún ní sísàlẹ̀. Kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo tí kọ̀ǹpútà fi mọ̀ ọ́n, ó ní láti to àwọn ègé pọ̀ ni, ìyẹn ló fi jẹ́ pé nínú ọ̀pọ̀ géèmù, ohùn á fò lọ síbì kan, lẹ́tà á wà níbòmíràn. Àwọn èèyàn ń fi òru ṣe àtúnṣe irú nǹkan báyìí. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá wá pa géèmù wọn rẹ́, gbogbo ọ̀rọ̀ Yorùbá tó wà nínú rẹ̀ bá a lọ nìyẹn. Ìdí tí a fi ń pariwo rèé.

Ohun tí ẹ lè ṣe nílé

Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bóyá géèmù náà ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá ní irú èyí tí ẹ lè kọ́kọ́ tọ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ gbà á, ẹ pa dátà, kí ẹ wò ó. Èyí tó bá kọ̀ láti ṣí nígbà tí kò sí dátà, ẹ kà á sí háyà, kí ẹ sì san owó háyà lé e, bí ẹ bá máa san án rárá.

Bí àwo bá wà, ẹ ra àwo, ṣùgbọ́n ẹ rí i dájú pé géèmù odindi ló wà nínú rẹ̀. Fún àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà, GOG, ọjà kan tí àwọn ará Poland dá sílẹ̀ ní ọdún 2008, ń jẹ́ kí oníbàárà fa géèmù wálẹ̀ láìsí títì, kó fi pamọ́ sínú ibi ìpamọ́ tirẹ̀. Bí ọjà náà bá kógbá sílé lọ́la, géèmù yín ṣì wà.

Ẹ má fi nọ́ńbà káàdì yín sílẹ̀ sórí fóònù tí ọmọ ń lò. Ẹ ṣètò rẹ̀ kó máa béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà ní gbogbo ìgbà tí owó bá fẹ́ jáde. Bí ẹ bá fẹ́ fún ọmọ lówó géèmù, ẹ yà á sọ́tọ̀ bí owó ìpápánu: bó bá tán, ó tán.

Ẹ tọ́jú ìwé ẹ̀rí ìsanwó. Nàìjíríà ní òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà, FCCPC sì ni àjọ tí òfin náà gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ jókòó ti ọmọ yín, ẹ bá a gbá géèmù náà, kí ẹ sì bi í léèrè pé, "Kí ni wọ́n fẹ́ kí o rà níbí yìí? Kí ló dé tí wọ́n fi kọ iye rẹ̀ ní wúrà inú géèmù dípò náírà?" Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ọmọ tí a kọ́ láti mọ ìyàtọ̀ láàárín rírà àti háyà kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á ní ilé tí kì í ṣe tiẹ̀ nígbà tó bá dàgbà.

Ohun tí àwa ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ náà kò pọ̀. Bí ó bá jẹ́ háyà, kí wọ́n pè é ní háyà, kí wọ́n sọ ọjọ́ tó máa parí, kí iye rẹ̀ sì jẹ́ iye háyà. Bí ó bá jẹ́ títà, kí wọ́n tà á, kí wọ́n sì mú ọwọ́ wọn kúrò nínú ilé wa.